Ẹ má sanwó fún ohun ọ̀fẹ́: bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlú Ọba ṣe lè ríṣẹ́, kó sì fìdí múlẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń balẹ̀ sí Heathrow tàbí Manchester ló ti ná gbogbo ohun tó ní tán kó tó wọ bàálù. Àwọn kan ta ilẹ̀, àwọn kan kó àjọ, àwọn mìíràn yáwó lọ́wọ́ ẹbí. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé owó kékeré tó ṣẹ́ kù ni àwọn èèyàn kan tún ń gbà lọ́wọ́ wọn láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, lórí ohun tí ìjọba ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí ohun tí òfin ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìtọ́sọ́nà yìí ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Òfin England ni mo fi ṣe ìwọ̀n nínú èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìyàtọ̀ díẹ̀ wà ní Scotland, Wales àti Northern Ireland, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ ilé àti oògùn.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé

Àwọn ìwé kan wà tó rọrùn láti gbà nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà ní Nàìjíríà, àmọ́ tó di wàhálà ńlá bẹ́ ẹ bá ti kúrò. Ẹ gba transcript yín ní yunifásítì tàbí pólì tẹ́ ẹ lọ. Ẹ gba lẹ́tà níbi iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe, kó ní orúkọ ilé iṣẹ́ lórí, kó sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ parí, àti ohun tẹ́ ẹ ń ṣe níbẹ̀ gan-an. Ẹ bá ọ̀gá méjì sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n lè kọ̀wé sí wọn láti òkè òkun láti béèrè nípa yín. Ímeèlì ibi iṣẹ́ wọn ni kẹ́ ẹ gbà, nítorí ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ kì í ka ìdáhùn tó bá ti inú Gmail wá sí.

Ẹni tó bá ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà tàbí iṣẹ́ ọmọdé lọ́kàn, kó gba ìwé ẹ̀rí ìwà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Alágbọn ní Ìkòyí làwọn ará Èkó mọ̀ fún ìyẹn. Ẹ kó ìwé ìbí àwọn ọmọ, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn àti ìwé ìgbéyàwó dání, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò gbogbo wọn sínú ímeèlì yín. Láìsẹ́ǹsì ọkọ̀ Nàìjíríà náà wúlò: ẹ lè fi wakọ̀ fún oṣù méjìlá láti ìgbà tẹ́ ẹ bá di olùgbé ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò tiwọn, ti ìwé àti ti ojú pópó, ó sì máa ń pẹ́ kéèyàn tó rí ọjọ́ gbà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kó ku oṣù kan kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣí àkáǹtì físà yín fúnra yín

Tẹ́lẹ̀, káàdì kan tó ń jẹ́ BRP ni wọ́n ń fún èèyàn. Nígbà tí ọdún 2024 fi parí, wọ́n ti fi eVisa rọ́pò rẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni ẹ̀rí físà wà báyìí. Ẹ lọ sí GOV.UK, ojú ewé ìjọba wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí àkáǹtì UKVI, àjọ tó ń bójú tó físà, kẹ́ ẹ so páásípọ́ọ̀tù yín mọ́ ọn. Ẹ wò ó dáadáa bóyá orúkọ, ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ tí físà máa parí péye. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá ṣì nínú Ọlúwaṣeun, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe kíákíá, torí báǹkì àti agbanisíṣẹ́ máa fi wé páásípọ́ọ̀tù.

Inú àkáǹtì yìí lẹ ti máa mú ohun tí wọ́n ń pè ní share code jáde. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú W ni ti iṣẹ́, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú R ni ti ilé, ọjọ́ 90 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń ṣiṣẹ́. Bí àkókò rẹ̀ bá parí, ẹ mú òmíràn jáde. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ímeèlì rẹ̀ tàbí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ṣí i fún yín, bó ti wù kó jẹ́ ará ilé yín tó. Bí ẹ̀yin àti onítọ̀hún bá jà lọ́la, kò ní sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ fi físà yín han ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: ilé

Ọ̀dọ̀ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ ni púpọ̀ nínú wa kọ́kọ́ ń sùn. Ẹ dá owó sí oúnjẹ àti iná, kẹ́ ẹ sì sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kúrò fún wọn látìbẹ̀rẹ̀. Yàrá kékeré ni wọ́n ní, àwọn onílé mìíràn kò sì fẹ́ kí èèyàn pọ̀ ju iye tó wà nínú àdéhùn lọ.

Bẹ́ ẹ bá wá ń wá yàrá tiyín, SpareRoom àti Rightmove lọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Ẹ má sanwó yàrá tẹ́ ẹ kò tíì fẹsẹ̀ yín wọ̀, tàbí tí ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán kò tíì bá yín wọ̀. Fọ́tò tó rẹwà, owó tó kéré ju ti àdúgbò lọ, onílé tó ní òun wà lókè òkun, kẹ́ ẹ fi owó ránṣẹ́ kóun tó fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́: olè ni.

Òfin Tenant Fees Act ti ọdún 2019 wà lẹ́yìn yín. Ejẹ́ńtì kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó fọ́ọ̀mù, owó àdéhùn, tàbí owó kó wá mú yín wo ilé. Owó tẹ́ ẹ máa fi mú ilé dání kò gbọdọ̀ ju owó ọ̀sẹ̀ kan lọ. Owó ìdógò, ìyẹn deposit, kò gbọdọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ fún ilé tí owó rẹ̀ kò tó £50,000 lọ́dún. Lọ́pọ̀ ilé tí èèyàn ń háyà, onílé gbọ́dọ̀ fi owó ìdógò náà sí ọ̀kan nínú àwọn àjọ tó ń tọ́jú rẹ̀ láàárín ọjọ́ 30, kó sì sọ fún yín ibi tó fi í sí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2026, òfin tuntun ní England kò gbà kí onílé àdáni tún máa béèrè owó oṣù mẹ́fà ṣáájú, èyí tó ti fojú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé rí màbo fún ọdún pípẹ́. Owó oṣù kan ni òfin gbà. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ béèrè ẹni tó ń san council tax (owó orí ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà), iná àti gáàsì. Bó bá jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé ní kíkún nìkan ló wà nínú ilé náà, wọn kò ní san council tax, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé ilé ìwé han ìjọba ìbílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: GP, NI, báǹkì

Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, nígbà tí ara yín ṣì yá gágá, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń gbọ̀n. Kò sówó níbẹ̀. Wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti lé yín torí pé ẹ kò ní ìwé tó fi àdírẹ́ẹ̀sì hàn. Ọ̀pọ̀ yín ti san owó ìlera nígbà tẹ́ ẹ gba físà, nítorí náà ẹ má tijú. Nọ́ńbà 111 ni ti ìmọ̀ràn, 999 ni ti pàjáwìrì.

Ẹ béèrè fún nọ́ńbà National Insurance lórí GOV.UK. Ọ̀fẹ́ lòun náà. Ẹ kò sì ní láti dúró dè é kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: share code ló ń fi hàn pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́, NI wà fún owó orí. Agbanisíṣẹ́ tó bá ní láìsí NI òun kò lè gbà yín kò mọ òfin, ẹ fi ojú ewé GOV.UK hàn án.

Ní ti báǹkì, àwọn tó wà lórí fóònù bíi Monzo máa ń tètè ṣí àkáǹtì fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ má ṣe gba owó iṣẹ́ yín sínú àkáǹtì ẹlòmíràn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kẹ́ ẹ bá òun gba owó kan wọlé, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ síbòmíràn fún ẹ̀bùn díẹ̀. Owó jìbìtì lè ni. Báǹkì á ti àkáǹtì yín pa, ọ̀rọ̀ sì lè di ti ọlọ́pàá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ibi tí físà yín dé

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù gbogbo làálàá wọn nìyí, nítorí náà mi ò ní yára kọjá níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé oyè lè ṣiṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń ka ọ̀sẹ̀ náà. Bó bá ní iṣẹ́ méjì, àpapọ̀ méjèèjì ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe Masters, ẹ ṣọ́ra fún oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án. Ẹ máa rí i pé kò sí kíláàsì mọ́, ojú á wá jọ pé ìsinmi dé, wọ́n á sì fún yín ní wákàtí 40 nílé ìkẹ́rùsí. Dissertation lẹ ń kọ nígbà yẹn, ẹnu ẹ̀kọ́ lẹ ṣì wà títí di ọjọ́ tí kọ́ọ̀sì yín máa parí. Ẹ gba déètì yẹn ní kíkọ lọ́wọ́ ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè.

Akẹ́kọ̀ọ́ kò sì gbọdọ̀ dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe. Gbígbé oúnjẹ kiri lórí kẹ̀kẹ́ fáwọn ilé iṣẹ́ orí fóònù wà lára rẹ̀, dídi irun fún owó nínú yàrá náà wà lára rẹ̀. Kéèyàn yá àkáǹtì ẹlòmíràn láti fi gbé oúnjẹ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó lè ba ti ẹni tó yá a jẹ́, kó sì ba ti ẹni tó ni ín jẹ́.

Ó kan ọ̀rọ̀ sponsorship. Ìwé tí agbanisíṣẹ́ ń fún òṣìṣẹ́ tó fẹ́ mú wá, Certificate of Sponsorship, kì í ṣe ọjà. Ilé iṣẹ́ náà ló ń san owó rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gbà á padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Síbẹ̀, mo mọ̀ pé àwọn ọmọ wa ń san ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn, ọ̀pọ̀ wọn fún ọmọ Yorùbá bíi tiwọn, tí wọ́n sì dé ibẹ̀ tí kò síṣẹ́. Láti ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, wọn kò gba ìbéèrè físà tuntun mọ́ láti òkè òkun fún iṣẹ́ care worker, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú. Ẹni tó bá ń ta irú iṣẹ́ yẹn fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Oǹdó lónìí, irọ́ ló ń tà. Fún iṣẹ́ mìíràn, àkójọ orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ wà ní gbangba lórí GOV.UK. Ẹ wá orúkọ wọn níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì pe ilé iṣẹ́ náà sórí nọ́ńbà tó wà lórí ojú ewé tirẹ̀, kì í ṣe èyí tí ejẹ́ńtì fún yín.

Bí ìjọba bá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó gbé yín wá, Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó físà, máa ń kọ lẹ́tà, ọjọ́ 60 ni wọ́n sì sábà ń fúnni láti rí onígbọ̀wọ́ mìíràn. Ẹ má dúró de lẹ́tà náà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Bí ọ̀gá bá sì gba páásípọ́ọ̀tù yín pamọ́, tàbí tó ń fi físà halẹ̀ mọ́ yín kẹ́ ẹ lè ṣiṣẹ́ láìgbowó, ẹ pe 08000 121 700, nọ́ńbà àwọn tó ń gbógun ti oko ẹrú òde òní. Ọ̀fẹ́ ni ìpè náà, àṣírí ni wọ́n sì ń pa á mọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: wíwá iṣẹ́ àkọ́kọ́

Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, ilé ìkẹ́rùsí, ilé ìdáná, iṣẹ́ ìmọ́tótó, iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù: ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Ẹ wò ó lórí Indeed, Reed àti NHS Jobs (ti ètò ìlera ìjọba), kẹ́ ẹ sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ejẹ́ńtì iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tó wà nítòsí. Òfin kò gbà kí ejẹ́ńtì gba owó lọ́wọ́ yín kó tó wáṣẹ́ fún yín. Agbanisíṣẹ́ ló ń san tirẹ̀. Ẹni tó bá ní “san £200 kí n fi orúkọ rẹ sílẹ̀,” ẹ kí i pé ó dàbọ̀, kẹ́ ẹ sì máa lọ.

CV wọn kì í ju ojú ewé méjì lọ. Ẹ yọ fọ́tò, ọjọ́ orí, ẹ̀sìn, ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ ti wá àti iye ọmọ kúrò níbẹ̀. Ẹ ka ìpolówó iṣẹ́ náà, ẹ mú ohun tí wọ́n béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì fi ohun tẹ́ ẹ ti ṣe dáhùn rẹ̀. Ẹni tó ti tọ́jú ìyá rẹ̀ àgbà tàbí tó ti bójú tó ṣọ́ọ̀bù ní Ògùnpa ní ohun tó lè sọ, ó kàn máa ń rò pé kò já mọ́ nǹkan ni. Ẹ má sì pa ọdún tẹ́ ẹ fi sìn ìjọba ní NYSC tì. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí lè lóye.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló ń kó àwọn tó mọṣẹ́ dáadáa láyà jẹ. Ẹ̀kọ́ ilé wa ló ń fa èyí, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ mi yé. Wọ́n kọ́ wa pé kéèyàn má yin ara rẹ̀, pé “a ṣe é” ló bójú mu ju “mo ṣe é” lọ, pé ojú ọ̀gá kì í ṣe ohun tí à ń tẹjú mọ́. Ẹni tó jókòó síwájú yín kò mọ gbogbo ìyẹn. Bẹ́ ẹ bá wo ilẹ̀, ó máa rò pé ẹ ń pa nǹkan mọ́. Bẹ́ ẹ bá ń sọ “a”, kò ní mọ èwo lẹ ṣe níbẹ̀. Wọ́n máa ní kẹ́ ẹ sọ ìgbà kan tí nǹkan le lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n retí lọ́wọ́ yín, ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe, àti bó ṣe parí. Ẹ múra ìtàn mẹ́rin tàbí márùn-ún sílẹ̀ báyìí, kẹ́ ẹ kà wọ́n sókè nílé títí wọ́n á fi já gaara lẹ́nu yín. Orúkọ àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń pe ọ̀gá níbẹ̀, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ sì sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ohùn yín bẹ́ ẹ ṣe ní in ti tó.

Bí iṣẹ́ kò bá tètè yọjú torí “ìrírí Ìlú Ọba”, ẹ fi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù àjọ aláàánú tàbí ilé oúnjẹ àwọn aláìní. Wọ́n á lè jẹ́rìí yín.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: owó oṣù àkọ́kọ́

Ẹ ka ìwé owó oṣù yín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Fún ẹni tó ti pé ọdún 21, owó wákàtí kan kò gbọdọ̀ dín sí £12.71 láti oṣù kẹrin ọdún 2026, £12.21 ló wà ní ọdún tó ṣáájú. Òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tó ń ti ilé aláìsàn kan bọ́ sí òmíràn, ẹ fetí sílẹ̀: àkókò tẹ́ ẹ fi ń rìn láàárín ilé méjèèjì wà lára wákàtí iṣẹ́ bí wọ́n bá ń ṣírò owó tó kéré jù yìí. Ẹ máa kọ wákàtí yín sínú ìwé ara yín lójoojúmọ́.

Owó orí kì í wọ £12,570 àkọ́kọ́ lọ́dún, kóòdù tó ń fi ìyẹn hàn ni 1257L. Ẹni tí kò bá kọ ọ̀rọ̀ sínú starter checklist, fọ́ọ̀mù òṣìṣẹ́ tuntun tí agbanisíṣẹ́ fún un, lè rí i pé wọ́n ti gba owó orí tó pọ̀ jù. Ẹ kọ̀wé sí HMRC, àjọ tó ń gba owó orí, tàbí kẹ́ ẹ pè wọ́n, wọ́n á dá a padà. Ẹ kò nílò ẹni tó máa gba ìdá kan nínú rẹ̀ láti bá yín béèrè. Ìsinmi tí wọ́n ń sanwó lé lórí jẹ́ ọ̀sẹ̀ 5.6 lọ́dún, ejẹ́ńtì náà sì gbọ́dọ̀ fún yín. Bí àríyànjiyàn bá dé, Acas, àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ń dáhùn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí 0300 123 1100.

Ìgbésẹ̀ keje: iṣẹ́ tẹ́ ẹ kọ́

Ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ gba gbogbo agbára yín. Ẹ ya alẹ́ méjì sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì máa lọ sọ́dọ̀ NMC, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, fún ìdánwò CBT àti OSCE, dókítà sọ́dọ̀ GMC, àjọ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀, fún ìdánwò PLAB. Láti oṣù kejì ọdún 2023, Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè tí olùkọ́ wọn lè béèrè fún QTS, ìyẹn àṣẹ olùkọ́, ní England. Ẹ wo ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ń kọ́ni, ìyẹn subject, àti ọjọ́ orí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń gbà báyìí kẹ́ ẹ tó kọ̀wé. Iṣẹ́ mìíràn lè ní kẹ́ ẹ mú ìwé UK ENIC wá, èyí tó ń fi ìwé ẹ̀rí yín wé tiwọn. Ẹ jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ béèrè rẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó rà á.

Ọmọ, òtútù, àti ilé tẹ́ ẹ fi sílẹ̀

Ilé ìwé ìjọba jẹ́ ọ̀fẹ́, ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ ti ń béèrè àyè. Ní Scotland àti Wales, lílu ọmọ lòdì sófin pátápátá. Ní England, ohun tó bá ti fi àpá sára ọmọ ti di ẹ̀sùn. Ẹ wá ọ̀nà mìíràn láti bá wọn wí kí ọ̀rọ̀ tó dé etí olùkọ́. Ẹ má sì fi ọmọ kékeré sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ọmọdé láti lọ sẹ́nu iṣẹ́ òru. Bí físà yín bá kọ ọ́ pé ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí public funds, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìjọba, ẹ má béèrè Universal Credit tàbí Child Benefit, bí ẹlòmíràn bá tiẹ̀ ní òun ń gbà á. Ilé ìwé àti NHS kò sí lára ìyẹn.

Ní oṣù kejìlá, ilẹ̀ ti ń ṣú ní London kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ó máa ń wọ èèyàn lọ́kàn. Ẹ ra kóòtù gidi ní ṣọ́ọ̀bù aláàánú kí òtútù tó dé, ẹ máa jáde nígbà tí ojúmọ́ bá wà, kẹ́ ẹ sì máa lo vitamin D. NHS gbà àwa aláwọ̀ dúdú níyànjú láti ronú lórí lílò ó jálẹ̀ ọdún. Ẹ wá ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ti máa mọ̀ bẹ́ ẹ kò bá wá. Ẹni tó wà nítòsí Peckham tàbí Old Kent Road kò ní wá ẹni tó máa bá sọ Yorùbá tì.

Owó tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ sílé, ẹ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó béèrè. Ẹ ka owó ilé, iná, mọ́tò àti gbèsè fún wọn, kí wọ́n rí ohun tó kù. Ẹ mú iye kan tẹ́ ẹ lè san lóṣooṣù, kẹ́ ẹ sì dúró lé e lórí. Ìyá tó mọ̀ pé ọmọ òun ń dúró fún wákàtí méjìlá máa ń gbàdúrà yàtọ̀ sí ìyá tó rò pé ọmọ òun ń ká owó.

Bí ọ̀rọ̀ físà bá ta kókó, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Citizens Advice, ọ̀fẹ́ ni. Bó bá di pé ẹ máa sanwó fún ẹnì kan, kó jẹ́ lọ́yà tó ní ìwé àṣẹ, tàbí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ IAA, àjọ tó ń jẹ́ OISC tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni kí ẹni tí kò ní àṣẹ máa fúnni ní irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ pásítọ̀, ì báà jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ìlú yín. Ẹ wo orúkọ rẹ̀ lórí àkójọ wọn kẹ́ ẹ tó fún un lówó, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì.